Bísíkíìtì Aládùn Oníyọ̀ fún Ọjọ́ Ọdún: Ọwọ́ Wa Ni Òṣùwọ̀n Wà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó dá ahọ́n sí ẹnu wa, tí ó sì fi oríṣiríṣi adùn sí inú ohun tí ilẹ̀ ń hù jáde. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Bí ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bá ti ń súnmọ́, ìbéèrè kan a máa wọ inú ilé wa: kí ni a ó fi sí ọwọ́ àlejò? Àwa tí a fi Òkè Ọya ṣe ibùgbé mọ̀ pé kì í ṣe àlejò tí a pè nìkan ni yóò wá. Bí a bá ti yídì dé, àwọn ọmọ aládùúgbò wa yóò ti wọ aṣọ ọdún wọn, wọn yóò máa lọ láti ilé dé ilé láti kí ni kú ọdún, wọn yóò sì máa retí goron sallah. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ó ti di àṣà pé kí a sáré lọ sí ọjà, kí a ra páálí bísíkíìtì kan tàbí méjì, kí a sì máa pín in fún wọn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ǹjẹ́ a mọ ohun tí ó wà nínú ohun tí a ń fi sí ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Ǹjẹ́ a mọ bí ṣúgà àti iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ tó? Ǹjẹ́ ọ̀rá tí wọ́n fi ṣe é dá wa lójú?

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kọ́ ara wa ní bísíkíìtì kan tí a lè yan nínú ilé, èyí tí adùn dàbínù àti iyọ̀ ẹ̀pà ti pàdé ara wọn. Kò le, owó rẹ̀ kò sì ga ju agbára lọ. Ẹ̀kọ́ kan tún wà nínú rẹ̀ tí ó kọjá ti ẹnu lásán: ẹ̀kọ́ nípa òṣùwọ̀n.

ADÙN ÀTI IYỌ̀ KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ SÍ WA

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé a fẹ́ fi iyọ̀ sí ohun dídùn lè yọ ṣùtì sí wa. Kí ó rántí gàrí. Bí oòrùn ọ̀sán bá mú, tí ọmọ Yorùbá da gàrí sí omi tútù, tí ó fi ṣúgà sí i, kí ni ó kù tí ó ń wá? Ẹ̀pà oníyọ̀ ni. Adùn ṣúgà wà nínú omi, iyọ̀ wà lára ẹ̀pà, àwọn méjèèjì sì ń ran ara wọn lọ́wọ́ ní ẹnu títí tí a ó fi gbé abọ́ sí ẹnu láti fa omi ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àádùn, tí a fi àgbàdo sísun lílọ̀ àti epo pupa ṣe: ìyá tí ó mọ̀ ọ́n ṣe kì í gbàgbé iyọ̀ bín-ín-tín. Àwọn aládùúgbò wa Hausa pẹ̀lú ní alkaki, tí a rì sí inú oyin tàbí omi ṣúgà, wọ́n sì ní kulikuli tí iyọ̀ àti ata wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ èkíní tí ó fi èkejì tẹ̀ lé e mọ ohun tí à ń wí.

Yíyan bísíkíìtì nínú ilé fún ọjọ́ ọdún kò sì jẹ́ tuntun láàárín àwa Mùsùlùmí. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, bísíkíìtì tí wọ́n ń pè ní kahk ni àwọn ìdílé fi ń mọ̀ pé Ìtúnu Ààwẹ̀ ti dé. Ní Síríà àti Lẹ́bánónì, maʿmūl ni tiwọn, dàbínù tí a gún ni wọ́n sì sábà máa ń fi dí inú rẹ̀. Ìyá, ọmọ àti ìbátan a jókòó yí ìyẹ̀fun ká, wọn a máa sọ̀rọ̀, wọn a sì máa fi ọwọ́ mọ ọ́n. Bí a bá ṣe tiwa pẹ̀lú ẹ̀pà Òkè Ọya, a kò jí àṣà ẹnikẹ́ni lò.

OHUN TÍ IYỌ̀ Ń ṢE NÍ ẸNU

Iyọ̀ díẹ̀ kì í sọ oúnjẹ dídùn di oníyọ̀. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń dá ìkorò lẹ́kun. Ọ̀pọ̀ oúnjẹ ni ìkorò díẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí a kò fura sí: ara ẹ̀pà tí iná bà, ètí bísíkíìtì tí ó pọ́n, fúláwà fúnra rẹ̀. Ìkorò yìí ni ó máa ń bo adùn mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Paul Breslin àti Gary Beauchamp, fi ìwádìí wọn hàn pé bí iyọ̀ bá ti dín agbára ìkorò kù, adùn tí ó ti fara pamọ́ a jáde síta. Ṣúgà náà kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ahọ́n gbọ́ ọ dáadáa.

Ẹ lè dán èyí wò fúnra yín. Ẹ yan bísíkíìtì méjì láìfi iyọ̀ sí i rárá, kí ẹ sì fi ìyókù ṣe èyí tí ó ní iyọ̀. Ẹ fún àwọn ọmọ jẹ. Wọn yóò sọ fún yín pé èyí tí kò ní iyọ̀ tẹ́ lẹ́nu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣúgà kan náà ni ó wà nínú àwọn méjèèjì. Èrè tí ó wà níbẹ̀ fún ilé wa ni pé, bí iyọ̀ bín-ín-tín bá wà níbẹ̀, a lè yọ kúrò lára ṣúgà kí ẹnikẹ́ni má sì fura.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ní èrè ní ewu. Oúnjẹ tí adùn àti iyọ̀ bá pàdé nínú rẹ̀ ṣòro fún ẹnu láti fi sílẹ̀. Bí adùn bá fẹ́ sú ni, iyọ̀ a pè é padà. Bí iyọ̀ bá fẹ́ sú ni, adùn a tún pè é padà. Ahọ́n a gbàgbé láti sọ pé ó tó. Ẹ wo ẹni tí ó ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà lẹ́bàá ọ̀nà: kì í mọ̀ ìgbà tí ìwé tí a fi dì í ṣófo. Àwọn tí ń ṣe ìpápánu tà mọ èyí dáadáa, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń fi iyọ̀ sí ohun dídùn, tí wọ́n sì máa ń fi ṣúgà sí ohun oníyọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ àǹfààní iyọ̀ kí ó má sì jìyà rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni kí ó di òṣùwọ̀n mú.

ÒṢÙWỌ̀N NÍNÚ ÀDÍNNÌ ÀTI NÍNÚ ÌLERA

Nínú Sūratul-Aʿrāf, āyah kọkànlélọ́gbọ̀n, Ọlọ́hun gbà wá láyè láti jẹ àti láti mu, Ó sì kọ àṣejù fún wa ní ibi kan náà. Àwọn àgbà wa pẹ̀lú ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Lóde òní, ta ni nínú wa tí kò ní ìbátan kan tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ ń bá jà? Ọjọ́ ọdún a sì máa dun irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí pé gbogbo ohun tí a gbé sí iwájú rẹ̀ ni a ti pèsè láìronú kàn án.

Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà yóò jẹ ní ọjọ́ kan má pé gíráàmù 5, èyí tí kò ju bí ṣíbí ìmutíì kan lọ, tòun ti èyí tí ó wà nínú ọbẹ̀ àti búrẹ́dì. Ní ti ṣúgà tí a ń fi sí oúnjẹ, àjọ náà sọ ní ọdún 2015 pé yóò dára bí àgbàlagbà kò bá kọjá nǹkan bí gíráàmù 25 lóòjọ́, èyí tí í ṣe bí ṣíbí ìmutíì mẹ́fà. Ẹ fi èyí sí ọkàn, a ó padà sí i lẹ́yìn tí a bá ti yan bísíkíìtì wa tán.

OHUN TÍ A ÓÒ LÒ

Ìwọ̀nyí ni yóò fún wa ní nǹkan bí bísíkíìtì 36 kéékèèké:

Fúláwà gíráàmù 250 (bí ife ìmutíì méjì tí a gé ojú rẹ̀ dọ́gba).
Bọ́tà tí kò ní iyọ̀ gíráàmù 125.
Ṣúgà gíráàmù 75.
Dàbínù tí a ti yọ kóró rẹ̀ gíráàmù 75.
Ẹ̀pà sísun tí a ti bó gíráàmù 75.
Ẹyin adìẹ kan.
Iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí ìmutíì.
Atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀ ààbọ̀ ṣíbí ìmutíì.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà láti sọ nípa àwọn nǹkan wọ̀nyí. Èkíní ni ti bọ́tà. Púpọ̀ nínú èyí tí à ń rà ní ọjà ni ó ti ní iyọ̀ tirẹ̀ nínú. Ẹ ka ara agolo tàbí ìwé rẹ̀. Bí ó bá ní iyọ̀, ẹ dín iyọ̀ yín kù sí ìdajì. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo yan bísíkíìtì yìí, n kò ka ohunkóhun. Mo bu iyọ̀ lé iyọ̀, àwọn ọmọ mi sì fi ọ̀wọ̀ mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀. Lábẹ́ àga ni mo ti rí wọn ní ọjọ́ kejì.

Èkejì ni ti ẹ̀pà. Ẹ ṣà á kí ẹ tó sun ún. Èyí tí ó bá hu olú, tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, tàbí tí ó rùn, ẹ dà á nù. Májèlé tí olú inú ẹ̀pà ń fà máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, yíyan kò sì lè pa gbogbo rẹ̀ run. Ẹ má ṣe wo ti owó tí a fi rà á.

Ẹ̀kẹta ni ti ohun tí ó bá àdínnì mu. Àwọn bísíkíìtì kan wà tí a fi ọ̀rá ẹran ṣe, èyí tí ó lè jẹ́ ti ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn mìíràn ní jẹ́látìn tí a kò mọ ẹran tí ó ti wá. Òórùn fànílà olómi pẹ̀lú, inú ọtí ni wọ́n ti sábà máa ń rẹ ẹ́. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ́ wa pé hàlálì hàn kedere, hàrámù hàn kedere, ohun tí ó ṣe iyè méjì sì wà láàárín wọn. Ẹni tí ó bá yàgò fún iyè méjì ti dá ẹ̀sìn rẹ̀ sí. Nínú bísíkíìtì tiwa, atalẹ̀ ti tó fún òórùn. Ẹni tí kò bá fẹ́ atalẹ̀ lè fá èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ sí i.

BÍ A Ó ṢE ṢE É

Ẹ gé dàbínù wẹ́wẹ́. Ẹ fi ọmọ ọlọ gún ẹ̀pà díẹ̀ kí ó fọ́ wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má di lẹ́búlẹ́bú. Ẹ fi ṣíbí igi po bọ́tà àti ṣúgà pọ̀ títí yóò fi funfun, tí yóò sì fúyẹ́. Ọwọ́ ọmọ tí ó lágbára wúlò níbí. Ẹ fọ́ ẹyin sí i, kí ẹ tún pò ó.

Nínú abọ́ mìíràn, ẹ da fúláwà, atalẹ̀ àti iyọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ìka méjì bu iyọ̀ díẹ̀ pamọ́ nínú ààbọ̀ ṣíbí náà. Ẹ rọra da fúláwà yìí sí inú bọ́tà, kí ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ sì da dàbínù àti ẹ̀pà lé e. Ẹ má ṣe pò ó ní àpòjù, kí ó má baà le. Bí ó bá ti gbá ara rẹ̀ jọ, ẹ bò ó, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ibi tútù.

Ẹ mọ ọ́n ní róbótó-róbótó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju ìtóbi kóró àwùsá lọ. Ẹ tò ó sí orí tíréè tí a fi bọ́tà pa, kí ẹ jẹ́ kí àyè wà láàárín wọn, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀. Ìgbà yìí ni ẹ ó wá mú iyọ̀ tí ẹ fi pamọ́, kí ẹ wọ́n ọn sí ojú wọn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Iyọ̀ ojú yìí ni ahọ́n kọ́kọ́ máa bá pàdé, nítorí náà a kì yóò nílò púpọ̀ nínú.

Bí ẹ bá ní ófùn, ẹ jẹ́ kí ó ti gbóná dé 180°C kí ẹ tó gbé e sí i. Ìṣẹ́jú 12 sí 15 ti tó. Bí ètí rẹ̀ bá ti pọ́n bí oyin, ẹ gbé e kúrò. Yóò rọ̀ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án nígbà náà. Ẹ má ṣe dá a padà sí inú iná. Bí ó bá tutù, yóò le fúnra rẹ̀.

BÍ KÒ BÁ SÍ ÓFÙN

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àìsí ófùn dí yín lọ́wọ́. Ẹ wá ìkòkò ńlá tí ìdí rẹ̀ nípọn. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ tí ó mọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó ga tó ìbú ìka méjì. Ẹ to agolo wàrà òfìfo mẹ́ta sí orí iyanrìn náà bí àdògán, kí ẹ bo ìkòkò, kí ẹ sì gbé e ka iná tí kò le jù fún ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn èyí ni ẹ ó gbé àwo bísíkíìtì lé orí agolo, kí ẹ tún dé e pa. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹyọ kan ṣoṣo dán an wò, nítorí iná ilé kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ó lè gba ìṣẹ́jú 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ojú rẹ̀ pọ́n, ẹ kó ẹ̀yinná díẹ̀ lé orí ìdérí. Bí ó bá jẹ́ èédú ni ẹ ń lò, gbangba ìta ni kí ẹ ti dáná. Èéfín èédú a máa pa ènìyàn nínú yàrá tí a sé, kò sì ní òórùn tí yóò fi kìlọ̀ fún ni.

Bí bísíkíìtì bá ti tutù pátápátá, ẹ kó o sí agolo tí ìdérí rẹ̀ le. Yóò wà fún ọ̀sẹ̀ méjì láìrọ̀. Èyí jẹ́ àǹfààní fún wa, nítorí kò yẹ kí ìyá ilé lo òru mẹ́wàá ìkẹyìn Ramadan nínú ilé ìdáná, nígbà tí àwọn tí ó kù ń wá Laylatul-Qadr. Ẹ yan án kí òru wọ̀nyí tó wọlé, lẹ́yìn ìṣínu, kí ẹ lè tọ́ ọ wò láìsí ìpayà.

BÍ A Ó ṢE PÍN IN

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí òṣùwọ̀n wa. Ṣúgà gíráàmù 75 tí a pín sí 36 jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 2 nínú bísíkíìtì kọ̀ọ̀kan. Ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 3, nítorí náà iyọ̀ tí a bù sí ẹyọ kan kò pé ìdámẹ́wàá gíráàmù. Ẹni tí ó bá jẹ mẹ́ta ti jẹ nǹkan bí gíráàmù 6 ṣúgà, yàtọ̀ sí adùn ti dàbínù fúnra rẹ̀. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè fara da èyí. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ ní láti ka dàbínù pọ̀ mọ́ ọn, kí ó tẹ̀ lé ìmọ̀ràn dókítà rẹ̀, kí ó má ṣe rò pé nítorí pé ilé ni a ti ṣe é, ó ti di oògùn.

Ẹ má ṣe gbé agolo sí àárín ilé kí olúkúlùkù máa tọwọ́ bọ̀ ọ́. A ti sọ pé ahọ́n kì í sọ pé ó tó. Iye ni kí ó sọ ọ́. Anas ọmọ Mālik gbà á wá, Bukhārī sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé Ànábì wa kì í jáde lọ sí yídì Ìtúnu Ààwẹ̀ láìjẹ dàbínù díẹ̀, tí iye rẹ̀ sì máa ń jẹ́ iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Ẹ kò rí i pé inú ayọ̀ ọdún pàápàá, òǹkà wà níbẹ̀? Ẹ di bísíkíìtì yín ní mẹ́ta-mẹ́ta sí inú ìwé tí ó mọ́, kí ẹ sì so ó. Ọmọ tí ó gba ìdì kan ti gba ẹ̀bùn rẹ̀ pé.

Kí ẹ tó nà án sí ọmọ ọlọ́mọ, ẹ bi ẹni tí ó mú un wá bóyá ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà. Ẹ̀pà díẹ̀ lè mú kí ọ̀fun ẹni tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ wú, kí ó má lè mí mọ́. Fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ lọ ẹ̀pà wọn kúnná, nítorí èyí tí ó bá jẹ́ wóro lè há wọn ní ọ̀nà ọ̀fun. Ohun tí a fi sí ọwọ́ ọmọ aládùúgbò jẹ́ àmánà. Ànábì wa pàṣẹ fún Abū Dharr pé bí ó bá ń se ọbẹ̀, kí ó fi kún omi rẹ̀ nítorí àwọn aládùúgbò. Bí omi ọbẹ̀ bá lè di ẹ̀tọ́ aládùúgbò, a jẹ́ pé bísíkíìtì tí a fi ọwọ́ ara wa pò, tí a mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láti orí fúláwà dé orí iyọ̀, yẹ ní fífún ọmọ rẹ̀.

Ẹ pe àwọn ọmọ yín sí ìdí rẹ̀, lọ́kùnrin àti lóbìnrin. Kí ọ̀kan wọn fúláwà, kí ọ̀kan ka dàbínù, kí ọ̀kan bu iyọ̀, kí ó sì gé ojú ṣíbí dọ́gba. Ọmọ tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí bí iyọ̀ ti kéré tó kí bísíkíìtì tó dùn, kì yóò tètè gbàgbé ìwọ̀n nígbà tí ó bá di onílé. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọlọ́hun Ọba yóò gba ààwẹ̀ wa, yóò fi àlùbáríkà sí oúnjẹ wa, yóò sì jẹ́ kí a ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀ láyé nínú àlàáfíà. Āmīn.